Ọjà Tí Kò Ṣeé Gbé Sórí: Ìtàn Gazprom

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo Champions League, ẹ ó rántí orúkọ kan tó máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láàárín ọdún 2012 sí 2022: Gazprom. Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù Jámánì á rántí i lára aṣọ Schalke. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ ohun tí wọ́n ń tà gan-an. Kò sí ẹni tó lè lọ ra gáàsì lọ́wọ́ wọn ní Mushin.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti wá sọ́dọ̀ wa rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, Dmitry Medvedev tó jẹ́ ààrẹ Rọ́ṣíà nígbà náà wá sí Àbújá. Níbẹ̀ ni Gazprom àti NNPC tiwa ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn á jọ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀. Ó kéré tán, bílíọ̀nù 2.5 dọ́là ni wọ́n ní àwọn máa fi sí i. Wọ́n máa kọ́ ilé ìfọpo, wọ́n máa ri páìpù, wọ́n máa kọ́ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná. Wọ́n wá sọ ọmọ náà lórúkọ: Nigaz. Ẹni tó bá gbọ́ èdè Òyìnbó á mọ ìdí tí íntánẹ́ẹ̀tì fi rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín yẹn ló kù nínú ọ̀rọ̀ náà, torí pé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣèlérí ò tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo tó béèrè pé: ta gan-an ni àwọn àlejò yẹn? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ọdún kan péré kí wọ́n tó wá, iye tí gbogbo ìpín Gazprom tó lórí ọjà ju 300 bílíọ̀nù dọ́là lọ. Ó wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó níye lórí jù lágbàáyé. Alexei Miller, ọ̀gá rẹ̀, ń sọ ọ́ ní gbangba pé iye náà máa di tírílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹ wá sáré bá mi dé ọdún 2023: ilé-iṣẹ́ yìí kan náà kéde àdánù 629 bílíọ̀nù rúbù, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pàdánù fún odidi ọdún kan láti 1999.

Gáàsì ò tán nílẹ̀ Rọ́ṣíà. Orílẹ̀-èdè yẹn ṣì wà lára àwọn tó ní gáàsì jù láyé. Ohun tó tán ni ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn oníbàárà. Bó ṣe tán ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bá a ṣe rò lọ.

Gáàsì kì í ṣe epo

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọjà yìí ṣe rí, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Epo rọ̀bì, èèyàn lè rọ ọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Bí oníbàárà kan bá ń yọ ẹ́ lẹ́nu, wàá ní kí ọkọ̀ yí padà, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ìyá aláta ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bí ọjà kan ò bá tà lónìí, á gbé igbá sórí, ó di ọjà kejì.

Gáàsì ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbé e rìn jìnnà, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí o fi òtútù sọ ọ́ di omi, òtútù tó fi nǹkan bí 160 dígíríì rẹlẹ̀ sí òdo, kí o wá rọ ọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Bonny láti ọdún 1999 nìyẹn. Ó wọ́n, àmọ́ ọkọ̀ lè lọ síbi tó bá wù ú. Ọ̀nà kejì ni páìpù. Wàá ri irin sínú ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, wàá to ẹ̀rọ ńlá-ńlá sójú ọ̀nà tí á máa ti gáàsì síwájú. Nígbà tó bá parí, ibi tí ẹnu páìpù yẹn kọ sí náà ló kọ sí. O ò lè gbé e sórí lọ sọ́jà míì.

Ìdí nìyẹn tí àdéhùn gáàsì fi máa ń gùn tó ogún ọdún, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà á ní iye báyìí ni mo máa rà lọ́dọọdún, bí mi ò bá tiẹ̀ gbà á tán, mo máa sanwó rẹ̀. Olùtajà á ní mi ò ní jẹ́ kí ó dáwọ́ dúró. Ìtàkùn kan ló so àwọn méjèèjì.

Mo mọ irú ìtàkùn yẹn díẹ̀. Sọ́fítíwíà ni mò ń kọ fi jẹun. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, oníbàárà kan ṣoṣo ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú owó wa wá. A ti kọ gbogbo kóòdù wa bá ohun tó fẹ́ mu. Ọjọ́ tó fi ìméèlì ránṣẹ́ pé òun ti rí ẹlòmíràn, kóòdù yẹn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwa mẹ́rin ni wọ́n ní ká máa lọ sílé lóṣù yẹn. Látìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìtàn Gazprom pẹ̀lú ojú míì.

Páìpù fún gáàsì, gáàsì fún páìpù

Ní ọdún 1966, wọ́n rí gáàsì ní Urengoy, ní àríwá Sìbéríà níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó wà lára àwọn ibi tí gáàsì pọ̀ sí jù tí ẹ̀dá èèyàn tíì rí. Ṣùgbọ́n Urengoy jìnnà sí ìlú èèyàn, Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì ò sì lè rọ páìpù ńlá tó pọ̀ tó láti gbé e jáde.

Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní irin, ó ní owó, gáàsì ló ń wá. Ọ́stríà ti ṣáájú, ó ti fọwọ́ sí àdéhùn tirẹ̀ ní 1968. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1970, ní ìlú Essen, ó kan àwọn ará Jámánì. Mannesmann á pèsè páìpù, Deutsche Bank á ṣáájú àwọn báńkì tó máa yá Sófíẹ̀tì lówó, Ruhrgas á sì ra gáàsì. Gáàsì yẹn gan-an ni wọ́n á fi san gbèsè náà. Ní 1973, gáàsì dé Jámánì.

Ẹ rántí pé àkókò Ogun Tútù lèyí o. Bọ́ǹbù Amẹ́ríkà àti ti Sófíẹ̀tì kọjú síra wọn, síbẹ̀ gáàsì ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ri páìpù mìíràn láti Urengoy ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Ronald Reagan ní rárá. Ó fòfin de àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, títí kan àwọn ẹ̀ka wọn ní Yúróòpù, pé wọn ò gbọ́dọ̀ ta ẹ̀rọ fún iṣẹ́ náà. Margaret Thatcher tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ kọ̀ jálẹ̀, àwọn ará Jámánì, Faransé àti Ítálì kọ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1982, Reagan yí òfin yẹn padà, wọ́n sì parí páìpù náà.

Ohun tí Reagan ń sọ ni pé lọ́jọ́ kan, Moscow máa fi páìpù yìí fún yín lọ́rùn. Àwọn ará Yúróòpù dáhùn pé wọ́n nílò owó wa bí a ṣe nílò gáàsì wọn, wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀yìn wọn ni òótọ́ wà. Àmì kan wà ṣá, tí ọ̀pọ̀ ò kọbi ara sí. Nígbà tí Lithuáníà kéde òmìnira ní 1990, Moscow ti epo pa mọ́ ọn, ó sì dín gáàsì rẹ̀ kù gan-an. Orílẹ̀-èdè kékeré ni. Kò gbàgbé.

Mínísítà tó di ọ̀gá ilé-iṣẹ́

Ní ọdún 1989, Viktor Chernomyrdin, mínísítà tó ń bójú tó gáàsì nílẹ̀ Sófíẹ̀tì, ṣe ohun tí mínísítà kì í sábà ṣe. Ó sọ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó wà lábẹ́ rẹ̀ di ilé-iṣẹ́ òwò, òun fúnra rẹ̀ sì di ọ̀gá ibẹ̀. Òun ni Gazprom. Nígbà tí Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì tú ká ní 1991, wọ́n gé ilé-iṣẹ́ epo sí wẹ́wẹ́, àwọn olówó tuntun sì ṣà wọ́n jẹ. Gazprom dúró lódindi ní Rọ́ṣíà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, Chernomyrdin di olórí ìjọba, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1998.

Àwọn ọdún yẹn le. Owó ò sí nílùú. Ilé-iṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́ iná ń lo gáàsì, wọn ò rówó san, àwọn míì ń fi ọjà san dípò owó. Gazprom ò sì lè kàn já ìlú tí òtútù rẹ̀ ń pa èèyàn. Owó tí Yúróòpù ń san ló fi ń gbé gbogbo ẹrù yẹn. Bá a bá fojú inú wò ó, oníbàárà kan ní Munich ló ń bá ìyá àgbà kan ní Sìbéríà san owó iná tó fi ń yáná. Títí di òní, ìjọba ló ń dá iye tí gáàsì máa jẹ́ nínú ìlú, ó sì máa ń kéré sí ti òkèèrè dáadáa.

Ní 2001, Vladimir Putin tó ti di ààrẹ yọ ọ̀gá àtijọ́, Rem Vyakhirev, ó sì fi Alexei Miller sí i, ẹni tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg. Ó lé ní ogún ọdún tí Miller ti wà lórí àga náà. Lọ́dún yẹn kan náà, Gazprom gba NTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó máa ń bẹnu àtẹ́ lu ìjọba, lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tó jẹ ẹ́ lówó. Ní 2005, ìpín ìjọba nínú Gazprom kọjá ìdajì, Gazprom sì ra ilé-iṣẹ́ epo Sibneft ní bílíọ̀nù 13 dọ́là. Ní 2006, òfin jáde pé Gazprom nìkan ló lè ta gáàsì sókè òkun.

Kí ni ẹni tó ń ta gáàsì fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n ṣe? Ẹ bi ara yín. Bí ìjọba bá fẹ́ ra nǹkan, Gazprom lapò. Bí ìjọba bá fẹ́ bá ẹnì kan jà, Gazprom ni pàṣán. Ọwọ́ kan náà ló ń di àpò àti pàṣán mú, oníbàárà ò sì lè mọ èwo ló ń nà sí òun.

Ilé tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pín

Púpọ̀ nínú páìpù tó ń lọ sí Yúróòpù gba inú Yukréìn kọjá. Nígbà tí wọ́n rì í, orílẹ̀-èdè kan náà ni, kò sẹ́ni tó ronú nípa ààlà. Lẹ́yìn 1991, ó wá dà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n pín ilé bàbá wọn: ọ̀kan gba yàrá inú, èkejì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó wà nínú ò lè jáde láìgba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá.

Ká má purọ́, Yukréìn ní ẹ̀bi tirẹ̀. Gbèsè pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, owó tó ń san kéré, àwọn alágbàtà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí wọn sì ń jẹ láàárín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ní ìparí 2004, àwọn èèyàn tú jáde sí ìgboro Kyiv, wọ́n kọ ìbò èrú, ẹni tí Moscow ń tì lẹ́yìn ò sì wọlé. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Gazprom ní kí iye ẹgbẹ̀rún mítà kúbíìkì gáàsì kúrò ní 50 dọ́là, kó di 230. Ó ní owó ọjà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ Belarus tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Moscow ń rà á ní nǹkan bí 47 dọ́là.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2006, wọ́n ti gáàsì Yukréìn pa. Ìyẹn ò pẹ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ti parí ìjà. Ti 2009 ló burú. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní, gbogbo gáàsì tó ń gba Yukréìn kọjá lọ sí Yúróòpù dáwọ́ dúró pátápátá, kò sì padà títí di ọjọ́ 20. Àárín òtútù ni o. Ní Bùlgáríà, tí gbogbo gáàsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wá láti Rọ́ṣíà tán, ilé-iṣẹ́ tì, inú ilé di yìnyín. Slovakia kéde pàjáwìrì. Àwọn wọ̀nyí ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ti sanwó wọn. Gazprom ní Yukréìn ló jí gáàsì, Yukréìn ní Gazprom ló tì í. Ẹni tó ń gbọ̀n nínú ilé rẹ̀ ní Sofia ò ráyè ṣèdájọ́, ohun tó mọ̀ ni pé iná òun kú.

Ẹ ṣírò oṣù. Oṣù Kìíní ni wọ́n pa á, oṣù Kẹfà ni wọ́n wá bá wa tọwọ́ bọ̀wé ní Àbújá. A rẹ́rìn-ín orúkọ, a ò bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ Bùlgáríà.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú

Lẹ́yìn ìjà yẹn, ẹ̀kọ́ tí Gazprom kọ́ ni pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń dà á láàmú, nítorí náà kí á lu ògiri, kí á ṣílẹ̀kùn míì. Nord Stream gba abẹ́ Òkun Baltic lọ tààrà sí Jámánì, ó ṣí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ó sì lè gbé 55 bílíọ̀nù mítà kúbíìkì lọ́dún. Gerhard Schröder tó ti jẹ́ olórí ìjọba Jámánì rí ló jókòó ṣe alága ìgbìmọ̀ àwọn onípìn-ín níbẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn máa ri South Stream gba Òkun Dúdú, Putin fagi lé e ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, wọ́n sì wá yí i sí TurkStream tó gba Tọ́kì, tó ṣí ní 2020. Nord Stream 2 parí ní 2021. Òbítíbitì owó irin ni wọ́n rì sínú òkun láti fi yẹra fún ẹnì kan.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn oníbàárà kọ́ yàtọ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin ní 2009 pé ẹni tó ń ta gáàsì ò gbọ́dọ̀ tún di páìpù mú bó ṣe wù ú. Wọ́n ri páìpù kéékèèké láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, wọ́n tún àwọn ẹ̀rọ ṣe kí gáàsì lè ṣàn síwájú àti sẹ́yìn, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá já ẹnì kan, ará àdúgbò á fún un nínú tiẹ̀. Lithuáníà tí kò gbàgbé 1990 háyà ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó lè gba gáàsì olómi, tó sì lè sọ ọ́ padà di afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Klaipėda ní 2014. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Independence, ìyẹn Òmìnira. Kó tiẹ̀ tó gúnlẹ̀ rárá ni Gazprom ti dín owó gáàsì kù fún wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rí i: oníbàárà ò tíì lọ, ó kàn jẹ́ kí wọ́n rí bàtà lẹ́sẹ̀ òun.

Láàárín àkókò yìí, Amẹ́ríkà ti ń fọ́ àpáta yọ gáàsì. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, ọkọ̀ gáàsì olómi kúrò ní Sabine Pass ní Louisiana, ó di òkèèrè. Àwọn tó ń ta gáàsì tó ṣeé gbé sórí ti ń pọ̀ lọ́jà.

Síbẹ̀, gáàsì Gazprom ṣì pọ̀, kò sì wọ́n. Ní 2018, ó ta nǹkan bí 200 bílíọ̀nù mítà kúbíìkì fún Yúróòpù àti Tọ́kì, iye tí kò tíì tà rí. Lójú ẹni tó ń wo ìṣirò nìkan, ọ̀rọ̀ ti parí, Gazprom ló borí. Jámánì pàápàá ti fọkàn balẹ̀ débi pé Gazprom ló ni Rehden, àká gáàsì tó tóbi jù ní ilẹ̀ Jámánì. Nígbà ìwọ́wé ọdún 2021, tó yẹ kí àká yẹn ti kún de òtútù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló yé wọn.

Ọdún tí okùn já

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2022, Jámánì dá ìwé àṣẹ Nord Stream 2 dúró. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Rọ́ṣíà ya wọ Yukréìn pẹ̀lú ogun. Lásìkò yẹn, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gáàsì tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń rà nílẹ̀ òkèèrè ló ń wá láti Rọ́ṣíà.

Ní ìparí oṣù Kẹta, Putin pàṣẹ pé rúbù ni kí wọ́n máa fi sanwó, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú àdéhùn wọn kọ́ nìyẹn. Pólándì àti Bùlgáríà kọ̀, wọ́n já wọn ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tó lọ gba àtúnṣe ní Kánádà dé. Nord Stream lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí oṣù Kẹjọ fi máa parí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, nǹkan bú gbàmù lábẹ́ òkun nítòsí erékùṣù Bornholm, páìpù sì fọ́.

Owó gáàsì fò sókè lọ́dún yẹn débi tí èrè Gazprom fi pọ̀ fún oṣù mélòó kan bí ọjà ò tiẹ̀ tà tó tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ṣìrò pé pàṣán náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Jámánì gba ẹ̀ka Gazprom tó wà nílẹ̀ wọn, ó yára kọ́ èbúté fún ọkọ̀ gáàsì olómi, àwọn èèyàn dín ìlò kù, Norway àti Amẹ́ríkà sì tà sí i. Owó gáàsì já wálẹ̀. Páìpù Gazprom ò lè tẹ̀ lé owó lọ síbòmíì. Ní 2023, gáàsì tó gba inú páìpù lọ sí Yúróòpù ò tó 30 bílíọ̀nù mítà kúbíìkì mọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yukréìn náà tì, torí àdéhùn parí, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe.

Oníbàárà kan ṣoṣo

Ẹ ó ní ṣé Ṣáínà ò wà níbẹ̀ ni? Ó wà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gba Crimea, Putin lọ sí Shanghai, Gazprom sì bá CNPC ṣàdéhùn ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ní iye rẹ̀ tó 400 bílíọ̀nù dọ́là. Páìpù náà ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ohun tí wọ́n rì í fún sì ni 38 bílíọ̀nù mítà kúbíìkì lọ́dún. Ẹ fi wé 200.

Ohun míì tún wà. Gáàsì tó ń lọ sí Ṣáínà ń wá láti Chayanda àti Kovykta, ní ìlà-oòrùn Sìbéríà. Èyí tí Yúróòpù ń rà wà ní ìwọ̀-oòrùn Sìbéríà àti Yamal. Kò sí páìpù tó so méjèèjì pọ̀. Gáàsì Yamal ò lè sọ pé Jámánì ò rà mí mọ́, ẹ jẹ́ n lọ sí Beijing. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ páìpù kejì tó máa gba Mongolia, 50 bílíọ̀nù mítà kúbíìkì lọ́dún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Gazprom kéde pé àwọn ti fọwọ́ sí ìwé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fẹnu kò lórí iye owó. Ṣáínà ò kánjú. Ó ń rà lọ́wọ́ Turkmenistan, ó ń rà lọ́wọ́ Qatar àti Australia, ó sì ń wà á nílẹ̀ tirẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń bá òun nájà ò ní ọjà míì tó lè lọ. Bá a bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ rà á, tí gbogbo ọjà sì ti tú, ẹni tó ń rà ló ń dá owó.

Àwọn tó kéré ló ń san gbèsè náà báyìí. Gazprom kọ́ ilé tó ga jù ní Yúróòpù sí St. Petersburg, mítà 462, bẹ́ẹ̀ àwọn abúlé wà ní Rọ́ṣíà tí páìpù gáàsì ò dé di òní. Ní 2021 ni Putin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèlérí pé wọ́n á fa gáàsì dé ẹnu ọgbà ilé àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí owó Munich ń wọlé ni ì bá dáa kí wọ́n ti ṣe é.

Àwa ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí ló kàn wá pẹ̀lú ìjà Òyìnbó. Ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Ní Ìtọ̀kí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, páìpù kan ti bẹ̀rẹ̀ tó gba abẹ́ òkun kọjá lọ sí Kútọnu, Lomé, ó di Gánà, kìlómítà 678. Gáàsì wa ló wà nínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè wa tún ń sọ̀rọ̀ páìpù tó máa gba etíkun lọ títí dé Mòrókò. Ìyẹn nìkan kọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Nàìjíríà já iná mànàmáná tó ń tà fún wọn, tó tó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iná tí wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ wa pàtẹ́wọ́. A ní kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n lè mọ̀.

Ta ló jẹ ẹ́? Àwọn ọ̀gágun ní jẹnẹrétọ̀. Aránṣọ tó wà ní Niamey, ẹni tó ń ta omi tútù, ọmọ tó ń kàwé lálẹ́, àwọn ni òkùnkùn bá. Wọn ò gbàjọba lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Sofia ò ṣe jí gáàsì ní 2009. Ní òkè Odò Ọya, Niger ti ń kọ́ ìdídò Kandadji tirẹ̀ bọ̀ tipẹ́, lórí odò tó ń ṣàn bọ̀ wá sí Kainji wa. Ẹ fúnra yín rò ó: lẹ́yìn òkùnkùn yẹn, ṣé wọ́n á fi iṣẹ́ náà falẹ̀, àbí wọ́n á múra sí i?

Mi ò sọ pé kí ìjọba má ní ilé-iṣẹ́. Norway ní Equinor, ìjọba wọn ló ni ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn oníbàárà ò sì sùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé wọ́n á já àwọn nítorí ìbò tí àwọn dì. Ìbéèrè mi kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá tún wá ka ìwé páìpù tuntun sí wa létí, tí wọ́n dárúkọ bílíọ̀nù dọ́là àti iye kìlómítà, kí ẹnì kan dìde kó béèrè pé: ta ló máa di fáàfù náà mú, kí sì ni òfin gbà á láyè láti tì í pa fún? Bí wọn ò bá ní ìdáhùn, ẹni tó máa rà lọ́wọ́ wa ti ní tirẹ̀. Á rẹ́rìn-ín sí wa, á fọwọ́ sí ìwé, lọ́jọ́ kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ ojú omi kiri.